Kí Ló Pa Á?

Ẹ̀yin tí sùnkẹrẹ-fàkẹrẹ há mọ́ ojú ọ̀nà Ìkòròdú, ẹ kú ìfaradà. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà Máìlì 12 tí ẹ ń palẹ̀ mọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ríwáyà, pánẹ́ẹ̀lì-bítà àti fọganáísà, irin kò ní ṣe yín léṣe. Àwa ará Ajégúnlẹ̀ ń kí yín. Mi ò wí Ajégúnlẹ̀ ti apá Àpápá tí òkìkí rẹ̀ kàn nídìí orin àti bọ́ọ̀lù o. Ajégúnlẹ̀ ti Kòsọ́fẹ́ ni mò ń wí, èyí tí ẹ ó kàn tí ẹ bá ti kọjá Máìlì 12 àti Owódé Onírin, tí ẹ dorí kọ Ìkòròdú, tí Odò Ògùn ń ṣàn lẹ́bàá rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, kò sẹ́ni tó ní mọ́tò tí kò tíì rò ó lórí ibùsùn rí: nǹkan bàjẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì tó ti pẹ́, ṣé ká tún un ṣe ni, àbí ká yọ ọ́ sọnù ká ra òmíràn? Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ iṣẹ́ ní Kétu ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, mo sì ti rí owó tó ṣòfò lọ́nà méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ọmọkùnrin kan tó ń fi kòrópé kérò ládùúgbò wa dé iwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Wíwà kọ́ ló wà á dé, wọ́n tì í wá ni. Omi gbígbóná ń hó lábẹ́ àga awakọ̀, ooru rẹ̀ ń tú jáde lójú fèrèsé. Ẹ mọ kòrópé: Suzuki Every ni, mọ́tò kékeré tí àwọn ará Japan ṣe fún òpópónà tóóró tiwọn. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 660 sísì, písítìnì mẹ́ta péré ló ní, abẹ́ àga iwájú ni wọ́n sì gbé e sí. Ní Japan, èèyàn díẹ̀ àti ẹrù fẹ́ẹ́rẹ́ ló ń gbé. Níbí, ẹni méje ló ń gbé, láti ìdájí títí di alẹ́, lójú ọ̀nà tó kún fún kòtò, nínú oòrùn tó ń ran orí. Bí mo bá rí ẹ́ńjìnnì kékeré yẹn tó ń gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀, ó máa ń wù mí kí n kí i kú iṣẹ́.

Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Mẹkáníìkì mi ní ẹ́ńjìnnì ti kú. Ó ní kí n lọ ra Béljíọ̀mù ní Owódé."

Ẹ̀yin tí ẹ kò sí nídìí iṣẹ́ yìí, Béljíọ̀mù ni orúkọ tí ọjà sọ ẹ̀yà mọ́tò àlòkù tó ti òkè òkun dé, ìbáà ṣe Japan ló ti wá, ìbáà ṣe Jámánì. Tòkunbọ̀ náà ni.

Mo bi í pé, "Kí ló pa á?"

Ó ní, "Wọ́n ní ó ti gbó ni, sà."

"Ọmọ mi, mi ò bi ọ́ léèrè ọjọ́ orí rẹ̀. Kí ló pa á?"

Kò mọ̀. Ẹni tó ní kó lọ ra ẹ́ńjìnnì kò sọ fún un, bóyá òun náà kò sì mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi pinnu pé ọ̀rọ̀ yìí ni mo máa bá yín sọ lórí afẹ́fẹ́ lónìí. Nínú gbogbo ìjà tí a ń jà lórí àtúnṣe àti àrọ́pò, ìbéèrè yìí ni a kì í bèèrè. Ẹ́ńjìnnì kì í ṣàdédé kú. Nǹkan ló ń pa á. Bí ẹ bá gbé èyí tó kú kúrò, tí ẹ gbé alààyè síbẹ̀, tí ohun tó pa ti àkọ́kọ́ ṣì wà nínú mọ́tò, ẹ wulẹ̀ fi ẹlòmíràn lé e lọ́wọ́ ni.

A fa kòrópé náà sábẹ́ ibòji, a jẹ́ kó tutù. Nígbà tó tutù dáadáa, ìdérí rédíétọ̀ ni mo kọ́kọ́ ṣí. Inú ìdérí yẹn, rọ́bà roboto kan wà níbẹ̀ àti sípíríngì kan. Rọ́bà tirẹ̀ ti gan, ó ti là bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn nínú ọyẹ́, apá kan rẹ̀ ti já dànù. Ọmọ náà ti fi ọ̀rá wé e kí ó lè fún. Ó tó oṣù méjì tó ti ń fi ọ̀rá wé e, tó ń bu omi sí i ní gbogbo ibi tó bá ti dúró.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìdérí lásán ni, bíi ti ìkòkò. Omi tí a gbé kaná nílé, tó bá ti dé 100 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, á hó. Ṣùgbọ́n omi inú ẹ́ńjìnnì wà lábẹ́ ìtẹ̀. Ìdérí yẹn ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tí kò fi ní hó títí tí ooru rẹ̀ á fi sún mọ́ 120. Àlàfo ogún yẹn ni ẹ fi ń la sùnkẹrẹ-fàkẹrẹ Máìlì 12 já lọ́sàn-án gangan. Bí ìdérí bá jò, àlàfo yẹn ti lọ. Omi á tètè hó, á di ooru, á bá ẹnu ìdérí jáde. Ibi tí omi bá ti kúrò nínú ẹ́ńjìnnì, irin á gbóná kọjá ààlà. Tọ́ọ̀pù sílíńdà tó jẹ́ alúmíníọ̀mù á wú ju bó ṣe yẹ lọ, bóòtù dè é mọ́lẹ̀, kò ríbi lọ, ló bá tẹ̀. Bó bá ti tẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò lè dí ẹnu mọ́, ló bá jó. Omi wọ inú ọ́ìlì, iná wọ inú omi. Ẹ wá gbọ́ tí wọ́n ní ẹ́ńjìnnì ti gbó. Ìdérí kékeré tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ ló gbó.

A tú tọ́ọ̀pù náà. Bí mo ṣe rò ó ló rí: gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó láàárín sílíńdà kejì àti ìkẹta, ojú ibẹ̀ dúdú kirikiri. Mo wo ara sílíńdà, mo fi ìka mi yí i ká, kò sí ibi tó ha. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi gbé tọ́ọ̀pù dání, a lọ sí Owódé Onírin.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ibẹ̀, ẹ mọ̀ pé orúkọ ọjà náà kò parọ́. Irin ni lọ́tùn-ún, irin ni lósì. Ẹ́ńjìnnì tò sílẹ̀ bí ẹran nílé alápatà, gíà wà lórí gíà, ilẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì. Ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ́ńjìnnì kọ́ la dúró sí. A kọjá lọ sí ilé ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀dì, níbi tí wọ́n ti ń gé irin, tí wọ́n ti ń fá a. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ fọ tọ́ọ̀pù náà, ó fá gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kúrò lójú rẹ̀ títí tó fi mọ́. Ó yí ojú rẹ̀ sókè, ó gbé irin gbọọrọ kan tó tọ́ ṣánṣán lé e láti igun dé igun. Lẹ́yìn náà ló mú fílà géèjì.

Fílà géèjì ni ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fojú inú wò dáadáa. Ó dà bí ọ̀bẹ kékeré tó ní abẹ púpọ̀, abẹ kọ̀ọ̀kan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n sì kọ bí ó ṣe nípọn tó sára rẹ̀. Ó mú èyí tí wọ́n kọ 0.05 mílímítà sí. Ẹ rántí pé irun orí èèyàn sábà máa ń nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fi í sábẹ́ irin gbọọrọ náà láàárín, ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó mú 0.10, ó wọlé. Ó mú 0.15, ó wọlé, ṣùgbọ́n ó ń fà díẹ̀. Ó mú 0.20, ó kọ̀. Ó wò mí, ó ní, "Bàbá, ó ti tẹ̀ ní 0.15." Ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké, ìwé àwọn tó ṣe wọ́n kì í gbà ju 0.05 tàbí 0.10 lọ. Nítorí náà, ó ti kọjá ààlà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀yà tó kú. Ó da oògùn aláwọ̀ pupa tí wọ́n fi ń wá ojú ibi tó là sí i, ó nù ún, ó fọ́n ti kejì sí i. Kò sí ibi tó là. Ó gbé e sórí ẹ̀rọ, ó fá ojú rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, èyí tí gbogbo wa ń pè ní síkíìmù. Nígbà tó tún gbé irin gbọọrọ náà lé e, 0.05 kò wọlé mọ́.

Ó tó wákàtí kan ààbọ̀ tí a lò níbẹ̀. Ọmọ onímọ́tò náà dúró tì wá, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí abẹ kékeré yẹn kọ̀ láti wọlé, mo rí i tó mí kanlẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìdí tí mo fi ka gbogbo òǹkà yẹn fún yín. Ohun tó ya àtúnṣe sọ́tọ̀ kúrò lára àlẹ̀mọ́ ni òṣùwọ̀n. Bí mo bá kàn tú tọ́ọ̀pù yẹn, tí mo fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, tí mo da gọ́ọ̀mù yí i ká, kì bá lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Wọn á ní àtúnṣe kò dára, pé ẹ́ńjìnnì tó bá ti gbó kò ṣe é tún ṣe. Àtúnṣe wo? A kò tún nǹkan kan ṣe níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà, bó bá jẹ́ pé oògùn pupa yẹn fi ojú ibi tó là hàn láàárín àwọn fáàfù, tàbí pé wọ́n ti fá tọ́ọ̀pù yẹn tẹ́lẹ̀ débi pé kò nípọn tó mọ́, èmi fúnra mi ni mo máa sọ pé kó lọ ra òmíràn. Tọ́ọ̀pù tí wọ́n bá fá jù, fáàfù rẹ̀ á sún mọ́ písítìnì ju bó ṣe yẹ lọ, ìtẹ̀ inú rẹ̀ á ga jù, ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í kan bí ẹni ń lu páànù.

Ọ̀gá mi ní Kétu ló kọ́ mi ní òṣùwọ̀n. Ní àsìkò yẹn, Volkswagen ìjàpá ló kún ìgboro. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀ nílé iṣẹ́ wọn lójú ọ̀nà Badagry níbí ní Èkó. Ẹ́ńjìnnì ìjàpá kò ní rédíétọ̀, afẹ́fẹ́ ló ń mú un tutù. Bóòtù mẹ́rin péré ló so ó mọ́ gíà, ẹni tó bá mọṣẹ́ á sọ ọ́ kalẹ̀ kí ìrẹsì tó jinná. Nínú dísítíríbútọ̀ rẹ̀, irin kékeré méjì wà níbẹ̀ tí a ń pè ní kọ́ńtáàtì, wọ́n ń kan ara wọn, wọ́n ń yà kúrò lára ara wọn, bí wọ́n bá ti ń yà ni iná ń lọ sí plọ́ọ̀gì. Àlàfo àárín wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ 0.4 mílímítà. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì a máa fi páálí ìṣáná wọ̀n ọ́n, mọ́tò á sì lọ. Ọ̀gá mi kò gbà. Fílà géèjì tirẹ̀ wà nínú ánkáṣíìfù funfun kan, inú àpò àyà ẹ̀wù rẹ̀ ló ń gbé. Bí o bá fi ọwọ́ tó lọ́ọ́ìlì kàn án, ìgbátí ni.

Kọ́ńtáàtì yẹn gan-an ni àpẹẹrẹ ẹ̀yà tí ayé rẹ̀ ti kọjá, ó sì yẹ kí n sọ òtítọ́ nípa rẹ̀ láìṣègbè. Irin tó bá ń kan irin á jẹ. Bó ti wù kí ẹ wọ̀n ọ́n tó, oṣù mélòó kan ni, ẹ ó tún padà sídìí rẹ̀. Nígbà tí iná oní-ẹlẹ́kítíróníìkì dé, tí nǹkan kan kò kan nǹkan kan mọ́ nínú dísítíríbútọ̀, àwọn tó pààrọ̀ ti wọn sí i jèrè rẹ̀: mọ́tò ń tètè jí láàárọ̀, epo kò ṣòfò. Ibi tó ti yẹ ká pààrọ̀ nìyẹn, nítorí ẹ̀yà tuntun náà wo àìsàn tí ẹ̀yà àtijọ́ bí mọ́ ara rẹ̀ sàn. Ṣùgbọ́n kọ́ńtáàtì ní ìwà kan tí mo ṣì ń rántí. Bó bá fẹ́ kú, á kọ́kọ́ sọ fún yín. Mọ́tò á máa ṣẹ́jú, á máa ta kọ́, ẹ ó rìn ín délé, ẹ ó fi bébà oníyanrìn dán an. Ti ẹlẹ́kítíróníìkì, ọjọ́ tó bá kú, ó kú nìyẹn, orí afárá ló sì lè kú sí. Ẹni tó bá pààrọ̀ sí tuntun gbọ́dọ̀ mọ ohun tó fi sílẹ̀.

Pípààrọ̀ kan sì tún wà tó jẹ́ ìpadàsẹ́yìn. Ẹ̀yin àgbà iṣẹ́, ẹ rántí nígbà tí mọ́tò oní-ínjẹ́tọ̀ ń dé, tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ ìdí rẹ̀. Bó bá ti ṣòro díẹ̀, a ó yọ ínjẹ́tọ̀ dànù, a ó wá kabúrétọ̀ so mọ́ ọn, a ó ní a ti yanjú ẹ̀. Onímọ́tò á dúpẹ́. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tó bá tẹ̀lé e, á máa ra epo tí kò yẹ kó rà. Nígbà tí epo kò wọ́n, ẹnikẹ́ni kò ṣírò rẹ̀. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 tí wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, tí lítà kan kúrò ní nǹkan bíi náírà 185, tó fò sókè sí nǹkan bíi 500, tó sì kọjá 600 kí oṣù keje tó parí, gbogbo wa ti di oníṣirò. Lọ́dún yẹn kan náà ni náírà já wálẹ̀ níwájú dọ́là, gbogbo ohun tó ń gba èbúté wọlé sì gbówó lórí tẹ̀ lé e, tòkunbọ̀ náà kò gbẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì tí awakọ̀ kòrópé ń rà wọ́ọ́rọ́wọ́ nígbà kan, ó di ohun tó ń dá àjọ kó tó lè rà.

Ìtìjú kan wà lórí àtúnṣe tó ń dùn mí. Àwọn èèyàn rò pé ìṣẹ́ ló ń jẹ́ ká tún nǹkan ṣe, pé òyìnbó kì í tún nǹkan ṣe, jíjù ló ń jù ú. Rárá o. Ní Jámánì, lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, irin wọ́n, owó wọ́n. Láti 1947 ni Volkswagen fúnra rẹ̀ ti ń gba ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì tó ti gbó padà, tó ń tú u, tó ń fọ̀ ọ́, tó ń wọ̀n ọ́n, tó ń tún un ṣe, tó sì ń tà á padà fún onímọ́tò. Ní ilẹ̀ Faransé, Renault dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Choisy-le-Roi, lẹ́bàá Paris, ní 1949. Àwọn méjèèjì kò dáwọ́ iṣẹ́ yẹn dúró nígbà tí owó dé. Nítòsí wa níbí, ní Kumasi lórílẹ̀-èdè Ghana, àdúgbò ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Suame Magazine, ibùdó àwọn mẹkáníìkì àti àwọn tó ń rọ irin nìyẹn, mọ́tò tí àwọn ẹlòmíràn ti jáwọ́ nínú rẹ̀ ń jí níbẹ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ tiwa náà, ìgbà wo ni wọ́n ju ọkọ́ nù nítorí pé ẹnu rẹ̀ jẹ? Wọ́n á fi í sínú iná, wọ́n á fi irin kún un, wọ́n á tún un lù.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí mi dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn owó pọ́ọ́kú. Àwọn ohun kan wà tí kò sí àtúnṣe fún, tí ẹni tó bá ní òun ó tún un ṣe fẹ́ pa yín lára. Gásíkẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù, bó bá ti kúrò níbẹ̀, kì í padà síbẹ̀. Táímìn bẹ́ẹ̀tì kò ní àtúnṣe. Bó bá já lójú ìrìn nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, fáàfù àti písítìnì á pàdé, ẹ ó sì san owó tó ju ti bẹ́ẹ̀tì lọ ní ìlọ́po. Bóòtù tọ́ọ̀pù àwọn mọ́tò ìgbàlódé míì máa ń nà bí a bá ti dè é, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń lò ó. Rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò, plọ́ọ̀gì, ìdérí rédíétọ̀: tuntun ni kí ẹ rà, ojúlówó sì ni. Kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín yọ tẹmọsítáàtì jù nù pé ìlú wa gbóná, a ò nílò rẹ̀. Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún mi nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, mo sì bá wọn sọ ọ́ fún ọdún púpọ̀. Àṣìṣe ni. Tẹmọsítáàtì ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tètè dé ìwọ̀n ooru tí wọ́n ṣe é fún, kó sì dúró síbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí kò bá dé ibẹ̀ á máa jẹ epo, ríìngì rẹ̀ á tètè jẹ.

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ ohun kan. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ̀mù, ìyá kan tó ń ta tòmátì ní Máìlì 12 gbé Peugeot 504 wá fún mi. Ẹ́ńjìnnì ti se. Mo yá lẹ́nu, mo ní kí wọ́n ra òmíràn. Wọ́n rà á. Mo so ó, ó ń dún bí aago, mo gbowó iṣẹ́ mi. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi fa mọ́tò náà padà wá, ó tún ti se. Ìgbà yẹn ni mo tó yọ rédíétọ̀, tí mo gé e. Ó ti dí pa láti ìsàlẹ̀ dé ìdajì, ìpẹtà àti ìdọ̀tí omi kànga ọdún pípẹ́. Ìyá náà kò bú mi. Wọ́n jókòó sórí táyà kan nínú ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, owó ọjà mi ni mo fi rà á." Oṣù méje ni mo fi san owó ẹ́ńjìnnì náà padà fún wọn, díẹ̀díẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè tí mo bi ọmọ kòrópé yẹn kò ti kúrò lẹ́nu mi.

Ìbéèrè yẹn gan-an ló ń gba mọ́tò là lásìkò àkúnya omi. Oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá kò ṣàjèjì sí àwa ará Ajégúnlẹ̀. Bí òjò bá pọ̀ lókè, wọn á ṣí omi sílẹ̀ láti ìdídò Ọ̀yán, tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ní 1983. Omi náà á bá Odò Ògùn sọ̀kalẹ̀, á gba Abẹ́òkúta, á wá bá wa nílé. Ọdún 2010, ọ̀pọ̀ ìdílé ló sá kúrò nílé wọn níbí, ọkọ̀ ojú omi la fi ń wọ àwọn òpópónà kan. Mọ́tò tí a kò rí gbé kúrò, inú omi ló sùn.

Nígbà tí omi bá fà, ohun tí gbogbo èèyàn ń kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n á ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n á fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì wà láàyè. Mo bẹ̀ yín lórúkọ Ọlọ́run, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ṣe é tẹ̀ mọ́lẹ̀, omi kò ṣe é tẹ̀. Bí omi bá wà lórí písítìnì, tí kíkì sítátà sì tì í lọ sókè, písítìnì kò ríbi lọ, kọ́nrọ́ọ̀dù tó gbé e dání ló máa tẹ̀ tàbí kó ṣẹ́. Mọ́tò tí wọ́n pa sílẹ̀ kí omi tó bò ó, kò tíì kú; kíki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́ ló máa pa á. Ẹ yọ tẹ́míná bátìrì. Ẹ fa ọ́ìlì yọ ẹ wò ó: bó bá rí bíi tíì onímílíìkì, omi ti wọlé. Ẹ da gbogbo rẹ̀ nù, kí ẹ yọ fílítà rẹ̀. Ẹ wo fílítà afẹ́fẹ́, bóyá ó rin. Ẹ yọ gbogbo plọ́ọ̀gì, ẹ fi ọ́ìlì díẹ̀ sínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi sípánà yí kíránkì pẹ̀lú ọwọ́, jẹ́jẹ́, kí omi bá ihò plọ́ọ̀gì jáde. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó da ọ́ìlì tuntun, ẹ ó lò ó fún ìgbà díẹ̀, ẹ ó tún dà á nù, títí tí àwọ̀ rẹ̀ á fi mọ́. Mo ti fi ọ̀nà yìí jí mọ́tò tó lo ọjọ́ mẹ́rin nínú omi, lójú pópó wa níbí. Aládùúgbò onímọ́tò náà tó ki kọ́kọ́rọ́ bọ tirẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí omi fà, kọ́nrọ́ọ̀dù méjì ló tẹ̀. Òun ló lọ ra Béljíọ̀mù.

Bí ó bá sì di dandan kí ẹ rà á, ẹ fara balẹ̀. Ẹ má rà á nítorí pé wọ́n fi bátìrì jí i lórí ilẹ̀, tó dún. Ẹ yọ ìdérí ọ́ìlì, ẹ fi ìka nù ún wò. Ẹ yọ plọ́ọ̀gì, ẹ wo ojú wọn. Ẹ ní kí wọ́n wọn ìtẹ̀ sílíńdà kọ̀ọ̀kan níwájú yín, kí gbogbo wọn súnmọ́ ara wọn. Èyí tó bá lọ sílẹ̀ gan-an ju àwọn yòókù lọ, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ bá olùtà sọ ọ́ yé ara yín, iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dá a padà. Bí ẹ bá ti so ó, ẹ rí i pé wọ́n yí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì padà nínú ìwé mọ́tò yín. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ẹ tó so ó, ẹ rí i pé rédíétọ̀, fáànù àti páìpù omi tí èyí tó kú lò kò ní àbùkù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ mẹkáníìkì tí ẹ ń gbọ́ mi, ọ̀rọ̀ tiyín ló kù. Etí yín dára. Mo mọ ẹni kan nínú yín tó lè gbọ́ ìró mọ́tò láti òdìkejì títì, kó sì sọ pé fáàfù kẹta ni. Ṣùgbọ́n ẹ ra fílà géèjì. Ẹ ra sípánà tó ń wọn agbára tí ẹ fi ń de bóòtù, kí ẹ má fi èjìká de bóòtù tọ́ọ̀pù mọ́. Bí owó kò bá tó, kí ẹni mẹ́ta dá a rà. Oníbàárà tó bá rí i pé ẹ wọn nǹkan níwájú òun kò ní bá yín dúnàádúrà bí ẹni tó rò pé ẹ ń pa irọ́.

Kòrópé yẹn padà sójú ọ̀nà láti ọjọ́ Ẹtì. Owó tó ná, pẹ̀lú gásíkẹ́ẹ̀tì, síkíìmù, ọ́ìlì, tẹmọsítáàtì, ìdérí rédíétọ̀ tuntun àti iṣẹ́ ọwọ́ mi, kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta owó ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ní kó lọ rà. Ó kọjá níwájú mi láàárọ̀ yìí, ó kún dẹ́múdẹ́mú, ọmọ náà na ọwọ́ sí mi. Ìdérí àtijọ́ ṣì wà lórí tábìlì mi, pẹ̀lú ọ̀rá tó fi wé e. Ẹ̀yin tí ẹ ní mọ́tò níwájú ilé, bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́la, kí ẹ tó jí ẹ́ńjìnnì, nígbà tó ṣì tutù pátápátá, ẹ ṣí ìdérí tiyín, ẹ yí inú rẹ̀ sókè, ẹ wo rọ́bà tó wà níbẹ̀. Bó bá gbóná, ẹ má fọwọ́ kàn án o. Omi tó wà níbẹ̀ á bó yín lójú.